Ṣé mo lè fi àmì ilé-iṣẹ́ bàtà gidi sínú géèmù mi?

Ọmọ_Blender: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Géèmù basketball kékeré ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ ti gidi: àmì Nike, ìlà mẹ́ta Adidas. Bí mo bá sọ ìlà mẹ́ta di mẹ́rin ńkọ́, ṣé mo ti bọ́?

Agbẹjọ́rò_Géèmù: O ò tíì bọ́ o. Bàtà onílà méjì àti onílà mẹ́rin gan-an ni Adidas torí ẹ̀ pe Payless, ilé ìtajà bàtà, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2008, wọ́n ní kí Payless san nǹkan bíi mílíọ̀nù 305 dọ́là. Adájọ́ dín in kù lẹ́yìn náà, àmọ́ ta ló fẹ́ débẹ̀?

Bàtà tí wọ́n ń tà nìyẹn, ti géèmù yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2020, Activision, tó ni géèmù Call of Duty, jàre AM General, tó ń ṣe ọkọ̀ ológun Humvee, lórí Humvee inú géèmù náà, torí pé ọkọ̀ náà jẹ́ kí ogun inú géèmù dà bí ogun gidi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Jack Daniel's, ilé-iṣẹ́ ọtí, ní 2023 ti dín ààbò tó gba Activision yẹn kù: kò sí fún ẹni tó sọ àmì ẹlòmíì di àmì ọjà tirẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kó hàn lórí icon tàbí fídíò ìpolówó rárá. Lẹ́tà ẹ̀sùn kan sì lè mú kí ilé ìtajà yọ géèmù kúrò kí ẹnikẹ́ni tó dé kóòtù.

Alákùn3D: Àmì tí ẹ bá yà fúnra yín náà, ẹ má yà á mọ́ bàtà. Ẹ fún un ní material tirẹ̀, texture (àwòrán tí a fi ń bo ojú nǹkan) 256 × 256 píksẹ́lì tó ní alpha (ibi tí kò ní àwọ̀, tí bàtà á ti hàn). Texture 1024 × 1024 tó bàtà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sókè lára bàtà bíi mìlímítà kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí kámẹ́rà bá jìnnà. Normal map, àwòrán tó ń sọ fún ìmọ́lẹ̀ ibi tó yọ sókè tàbí tó jìn lára bàtà, ló ń tú èèyàn fó. Bí ẹ bá ti bake àmì mọ́ ọn (ìyẹn, tí kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀ pa mọ́ sínú àwòrán náà), ẹ kun bàtà ní funfun títí, ìmọ́lẹ̀ á ṣì gbé àpá rẹ̀ jáde. Àfi kí ẹ bake tuntun.

Bàbá_Lísẹ́ńsì: Ẹni tó gba àṣẹ pàápàá nílò ohun tí Alákùn sọ yẹn, torí àdéhùn ń parí. Ohun mímu Monster Energy wà nínú géèmù Death Stranding ní 2019. Nínú Director's Cut, ẹ̀dà géèmù náà ti 2021, Bridges Energy, orúkọ àtinúdá, ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè: ọdún mélòó? Orílẹ̀-èdè wo? Ẹni tó ti ra bàtà náà nínú géèmù, ṣé á ṣì máa wọ̀ ọ́ tí ọdún bá pé? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ọmọ_Blender: Ẹ ṣeun gan-an. Ó wà nínú normal map mi lóòótọ́. Mo ń bake rẹ̀ lọ́wọ́.