Ọmọ wa tuntun láti Ìbàdàn fẹ́ ṣọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ pẹ̀lú wa ní Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Tuntun, Houston:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo nílò ìmọ̀ràn gan-an, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ti gba ọmọ tọ́ rí. Èmi àti ọkọ mi gba ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 7, láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Ìbàdàn, oṣù kẹjọ ló dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọmọ náà dáa, ó gbọ́n, ó máa ń kúnlẹ̀ kí wa láràárọ̀ débi pé ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 tí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń kó búrẹ́dì àti ṣin-ṣin pamọ́ sábẹ́ pílò, tó bá ń jẹun ó máa ń yára jẹ ẹ́ bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kì í sunkún, kì í tọrọ nǹkan kan, Àǹtí ló sì ń pè mí. Èyí ò bí mi nínú o, ìgbà tó bá wù ú ló máa pè mí ní mọ́mì.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wá ni pé Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń bọ̀, ilé wa sì ni gbogbo ẹbí ọkọ mi ti máa ń ṣe é, wọ́n á wá láti Dallas, láti Atlanta, ilé á kún, tọ́lótọ́ló, jọ̀lọ́ọ̀fù, orin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó jẹ́ àgbà ilé ti ra léèsì fún aṣọ ẹbí, wọ́n sì ti bá pásítọ̀ sọ ọ́ pé ní Sunday tó tẹ̀ lé e a máa gbé ọmọ jáde síwájú ìjọ, kí n wá gba máìkì kí n jẹ́rìí ibi tá a ti rí i àti bí wọ́n ṣe rí i kó tó dé ilé àwọn ọmọ yẹn. Lẹ́yìn èyí ọkọ mi tún fẹ́ ká lọ ṣe Kérésì ní Nàìjíríà kí màmá ẹ̀ lè rí ọmọ. Ó ti pọ̀ jù lójú tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé àpótí jáde kí n lè kó súwẹ́tà tó wà nínú ẹ̀, nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn ọmọ yìí ti gbé báàgì iléèwé ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ti wọ bàtà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe máa bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ ọ́ tí ò ní dà bí àfojúdi? Àbí kí n kàn fagi lé gbogbo ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Ha, ọmọ yẹn rò pé ẹ fẹ́ dá òun padà ni o! Kó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ mú un jókòó lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pẹ̀lú Yorùbá pé ibí ni ilé ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò ní dá a padà. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan o, ẹ máa sọ ọ́ lójoojúmọ́, àní tó bá dà bíi pé kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, ẹ má bá a wí rárá, ẹ má sì lọ máa tú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wò. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tó máa jẹ́ tiẹ̀, ẹ kó bísíkíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù, ẹ̀pà sínú ẹ̀ tí kò bá ní àléjì, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ẹ̀ á ti tó o, tó bá tán kẹ́ ẹ tún un kún lójú ẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ tèmi nìyẹn. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó kàn gbàgbé pé apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé, Dallas:
Ẹ má bínú o, èmi ò gbà pẹ̀lú pé kẹ́ ẹ fagi lé e. Ọmọ kì í ṣe ẹyin. Nílẹ̀ wa tí ọmọ bá dé, ẹbí ló ń pàdé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ń gbé e pamọ́ àwọn èèyàn á ní ojú ẹ̀ ló ń tì yín, òun náà á dàgbà á ní wọn ò ṣe tòun bí wọ́n ṣe ṣe ti ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìfẹ́ ni.

Bàbá Àgbà, Abẹ́òkúta:
Káyọ̀dé, mo gbọ́ ẹ, ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbé fún òyìnbó tọ́ nílùú ọba láyé ọjọ́un. Láti bí ọdún 1955 lọ sókè, àwọn òbí wa ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó máa bá wọn mójú tó ọmọ, wọ́n á wá polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́mọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa la lọ bẹ́ẹ̀. Kent ni wọ́n gbé èmi lọ. Kérésì àkọ́kọ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn náà ṣe dáadáa sí mi o, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n mú mi kiri ilé gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn, gbogbo wọn ń fọwọ́ pa irun mi, wọ́n ń bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Ìgbà tí ìyá mi ń bọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Nítorí náà ìyàwó wa, ẹ ṣe àríyá yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ yẹn síwájú ìjọ kẹ́ ẹ máa sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ìtàn ẹ̀ ni, òun ló ni ín. Tó bá dàgbà tó fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́. Àwọn ọmọ Sunday School tó bá gbọ́ ọ lónìí máa fi bú u lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ṣeun sà. Níbí, ìjọba ti dá gbígba ọmọ tọ́ láti Nàìjíríà dúró láti oṣù kẹta ọdún 2021, torí náà àwọn ọmọ tí káńsù ń kó wá fún èmi ni mo ń bá wọn tọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló dá wá láti Afghanistan àti Eritrea. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ariwo. Ọ̀kan nínú wọn, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà lóru ọdún tuntun báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti lọ fà á jáde. Láti ìgbà náà mo máa ń sọ ọ́ fún ọmọ ṣáájú: aago báyìí, ariwo báyìí, yàrá yìí lo lè wọ̀ lọ tó bá sú ẹ, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ ṣètò yàrá kan tí àlejò kankan ò ní wọ̀. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn àǹtí àti àǹkù pé kí wọ́n má máa gbé e, kí wọ́n má fẹnu kò ó lẹ́nu, ọwọ́ ẹ̀yin àti dádì ẹ̀ nìkan ni kó ti máa gba oúnjẹ fúngbà díẹ̀ kó lè mọ ẹni tó ni òun.

Ìyá Ọmọ Tuntun, Houston:
Ẹ ṣé gan-an, omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Nàìjíríà ńkọ́?

Lọ́yà Àdúgbò, Atlanta:
Ẹ wo físà tó fi wọlé. Tó bá jẹ́ IR-3, ìyẹn ti ọmọ tí wọ́n ti parí ìgbàtọ́ ẹ̀ ní Nàìjíríà kó tó wọlé, tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, tí ọ̀kan nínú yín sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, òun náà ti di ọmọ Amẹ́ríkà láti ọjọ́ tó wọlé, òfin Child Citizenship Act ti ọdún 2000 ló ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Tó bá jẹ́ IR-4, ẹ ṣì ní láti parí ìgbàtọ́ ní kọ́ọ̀tù níbí kó tó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún un kẹ́ ẹ tó ronú ẹ́pọ́ọ̀tù. Ká tiẹ̀ wá gbé ìwé tì, ọmọ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn nítorí pé ó rí àpótí, ẹ fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tẹ́ ẹ ti mú un wá? Ẹ jẹ́ kí màmá rí i lórí WhatsApp ná, tàbí kí wọ́n wá fúnra wọn.

Àǹtí Ṣadé, Houston:
Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ má fi fóònù bá wọn sọ ọ́, ẹ má sì dá lọ. Kí ọkọ yín ló sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ má ní a ò fẹ́. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dá ààbò bo ọmọ yìí, kẹ́ ẹ bá wa sọ fún pásítọ̀ pé àdúrà nìkan ni, kò sí máìkì. Kẹ́ ẹ wá fún wọn níṣẹ́ tó tóbi. Ọmọ Ìbàdàn ni ọmọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n bá yín ro àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú fún un lọ́jọ́ náà, torí tọ́lótọ́ló yẹn ò ní yé e.

Ìyá Ọmọ Tuntun, Houston:
Ẹ̀yin èèyàn mi, a lọ lánàá. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, mo rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n wá ní kí ló dé tá ò tètè sọ. Àdúrà nìkan la máa gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ẹbí ṣì wà, wọ́n ní àwọn ò lè fi léèsì ṣòfò. Àwọn ará Atlanta máa wá ní Kérésì dípò Thanksgiving kí ilé má bàa kún jù, Nàìjíríà di ọdún tó ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n wá ní àwọn ò lè ro àmàlà pẹ̀lú èlùbọ́ tí wọ́n ń tà nítòsí wa, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí èyí tó dáa ní Houston yìí kó tó di Thursday?