Píkọ́ọ̀pù jìtá mi: ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ tún un tò?

Olójìtá Òkè Fìà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olójìtá tó wà níbí. Ilé ìjọsìn kan ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, ni mo ti ń ta jìtá láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwòkọ Stratocaster, irú jìtá oníná kan tí ilé-iṣẹ́ Fender ṣe, ni jìtá mi, ó sì ní píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gbọ́ okùn, tó sì ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú ámpílífáyà) single-coil, ìyẹn oní-ìdì wáyà kan, mẹ́ta: ọ̀kan wà lẹ́bàá ọrùn, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan sì wà nídìí, níbi tí wọ́n so okùn mọ́. Nígbàkígbà tí iná ìjọba bá lọ, tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, jìtá náà á bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí ilé agbọ́n, èyí tó máa ń dùn mí jù lọ nígbà àdúrà, tí gbogbo ohun èlò yòókù bá ti dákẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ohùn píkọ́ọ̀pù ìdí mú débi pé ó ń gún ni létí, ti ọrùn sì rinlẹ̀ débi pé jìtá béèsì ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ta ohun èlò fún mi ní kí n ra jìtá mìíràn, nítorí pé igi èyí kò dára. Ẹlòmíràn ní kí n yọ píkọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n fi humbucker, ìyẹn píkọ́ọ̀pù oní-ìdì wáyà méjì, rọ́pò wọn. Owó ọwọ́ mi kò gba àṣìṣe. Orin ìyìn tí a fi ìlù jùjú gbé lẹ́sẹ̀ la sábà máa ń kọ, nítorí náà jìtá mi gbọ́dọ̀ lè là kọjá láàárín gángan àti àkúbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni píkọ́ọ̀pù ń ṣe sí ohùn gan-an?

Atúnjìtáṣe Alékúwodò

Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí o tó náwó. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ igi. Òòfà ló wà nínú píkọ́ọ̀pù, wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n sì wé yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ti Stratocaster máa ń sún mọ́ 8,000. Òòfà yìí máa ń ran okùn irin tó wà lókè rẹ̀, tí òun náà á fi di òòfà díẹ̀, nígbà tí okùn náà bá sì ń gbọ̀n, agbára òòfà tó ń la àárín wáyà kọjá á máa yí padà, ìyípadà yẹn ló sì ń di iná kékeré tó ń lọ sínú ámpílífáyà. Bí o bá so okùn ọ̀rá mọ́ jìtá yẹn, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní gbọ́ ohunkóhun. Jìtá pedal steel (èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ta) tí King Sunny Adé, olórin jùjú, ẹni tí wọ́n bí ní Òṣogbo wa níbí ní ọdún 1946, mú wọ inú jùjú kò ní àpótí tó ń gbé ohùn sókè, síbẹ̀ ó ń kọrin bí ènìyàn. N kò sọ pé igi kò ní ipa rárá lórí bí okùn ṣe ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ibi tí píkọ́ọ̀pù wà ṣe pàtàkì gan-an. Gbogbo onílù ló mọ̀ pé àárín awọ kì í dún bí etí awọ. Nídìí, okùn kò ráyè gbọ̀n púpọ̀, nítorí náà àwọn ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú ló máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju ohùn ìpìlẹ̀ lọ. Lẹ́bàá ọrùn, okùn ń fì dáadáa, ohùn ìpìlẹ̀ sì máa ń kún. Ohùn tó ń gún ọ létí yẹn tún ní ìdí mìíràn tí ọ̀pọ̀ olójìtá kò mọ̀: bí wọ́n ṣe so wáyà Stratocaster láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì méjèèjì tó ń dín mímú ohùn kù wà fún ọrùn àti àárín nìkan. Ti ìdí kò ní. Wáyà kúkúrú kan ṣoṣo tí a fi òjé jó mọ́ súwíìsì tí a fi ń yan píkọ́ọ̀pù lè jẹ́ kí ọ̀kan nínú bọ́tìnnì náà máa ṣiṣẹ́ fún ìdí pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, wo bí píkọ́ọ̀pù ṣe sún mọ́ okùn tó. Ẹnì kan gbé jìtá wá bá mi, ó sọ pé okùn rẹ̀ tó nípọn jù lọ kò ṣeé yí sí ohùn tó yẹ mọ́. Bó ṣe ta á, ohùn méjì tó ń bá ara wọn jà ló jáde. Mo tẹ okùn náà mọ́ ojú irin (fret) tó gbẹ̀yìn lọ́rùn, mo sì rí i pé bébà lásán ló lè gba àárín òun àti òòfà kọjá. Òòfà ló ń fa okùn náà, tí kò jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe yẹ. Bí o bá tẹ okùn báyẹn, fi àyè bíi mìlímítà 2 sí 3 sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ okùn tó nípọn sì jìn díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Sùkúdíráfà nìkan ni iṣẹ́ yìí gbà.

Ní ti humbucker, Seth Lover tó ń bá Gibson ṣiṣẹ́ ló ṣe é ní ọdún 1955 láti gbógun ti irú ariwo tí o ń ráhùn rẹ̀. Ìdì wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so wọ́n lódìkejì ara wọn, òòfà wọn náà sì kọjú sódì, tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo inú ìkíní fi ń pa ti ìkejì, nígbà tí ohùn okùn ń kún ara wọn. Ṣùgbọ́n wáyà tó pọ̀ báyẹn máa ń gé ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ òkè kù, ìbú okùn tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sì tún ń mú díẹ̀ kúrò. Ohùn rẹ̀ á nípọn, á sì lágbára, ṣùgbọ́n mímú yẹn gan-an ni jìtá jùjú fi ń la àárín ìlù kọjá. Bó bá jẹ́ tèmi ni, n kò ní yọ ọ́.

Akọrin Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo fi humbucker kan ṣoṣo sídìí jìtá tèmi, n kò sì kábàámọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi í sí i, ńṣe ló dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ aṣọ, mo sì ti ń rò pé owó mi ti ṣòfò, kí ẹni tó bá mi ṣe é tó yọ bọ́tìnnì ohùn tí wọ́n kọ 250k (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) sí ìdí rẹ̀, tó sì fi 500k rọ́pò rẹ̀. Ohùn náà là lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé humbucker sínú jìtá single-coil gbọ́dọ̀ fi owó bọ́tìnnì kún owó rẹ̀.

Oníná Ọjà Ọba

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ariwo, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ariwo oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ kíkùn tó rinlẹ̀, tó ń bá iná wa rìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiransifọ́mà ámpílífáyà àti fáànù ló sábà ń fà á. Yí ara yín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú jìtá lọ́wọ́: bí ariwo bá ń lọ sílẹ̀ níbì kan, irú èyí ni, ẹ sún kúrò lẹ́bàá ámpílífáyà, kí ẹ sì dúró síbi tó ti dákẹ́. Èkejì ń ta ṣáṣá, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kan okùn. Bébà bàbà tí a fi bo inú ihò jìtá, tí a sì so mọ́ wáyà ilẹ̀, máa ń dín in kù gan-an, ṣùgbọ́n kò lè ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ irú jìtá yín tí wọ́n ń ṣe lóde òní, píkọ́ọ̀pù àárín ni wọ́n wé sódì. Ẹ gbé súwíìsì sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, níbi tí píkọ́ọ̀pù méjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí kíkùn bá dákẹ́, ẹ ti ní iṣẹ́ humbucker lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì ámpílífáyà nítorí ariwo. Ọwọ́ yín wà lórí okùn irin, ẹnu yín sì lè kan máíkì. Iná lè pa yín.

Olójìtá Òkè Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní àná, mo rọ ẹ̀gbẹ́ okùn tó nípọn lórí píkọ́ọ̀pù ọrùn sílẹ̀ títí ó fi tó mìlímítà 3, ohùn rẹ̀ sì ti yọ kúrò lábẹ́ béèsì. Ní ipò kejì àti ìkẹrin, kíkùn náà dákẹ́ pátápátá lórí jẹnẹrétọ̀. Bí mo bá lo píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, bíi ti ìdí, ló ṣì ń kùn. Màá gbé e wá sí Alékúwodò lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ bá mi jó wáyà bọ́tìnnì yẹn, ẹ̀gbọ́n, kí a sì fi bébà bàbà bo inú rẹ̀ nígbà tí a bá ti ṣí i.