Èsì kò tíì dé: ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de èsì àyẹ̀wò ilé-ẹyin rí, báwo lẹ ṣe gbé e?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n yọ lọ sí láàbù. Títí di òní, n kò mọ orúkọ nǹkan náà.

Ọmọ ọdún 47 ni mí. Léèsì ni mò ń tà ní Gbági. Láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni ikùn mi ti ń wú. Òkèlè àmàlà mẹ́ta péré, inú mi á ti kún bámú. Ìtọ̀ á gbọ̀n mí lóru lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Mo rò pé ulcer ni, mo lọ ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Àwọn ará ọjà ń kí mi kú oríire, wọ́n ní Ìdòwú ń bọ̀. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin tó ya àwòrán ikùn mi ti ń bá mi tàkúrọ̀sọ dáadáa. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ yẹn dé apá òsì, ó dákẹ́. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Màmá, ẹ mú ìwé yìí fún dókítà yín." Kókó kan wà ní ilé-ẹyin mi (ovary ni wọ́n ń pè é), sẹ̀ǹtímítà 11, omi ni apá kan, ẹran líle ni apá kejì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún CA-125, ìyẹn ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin lè mú kó ga, ó jẹ́ 212. Ìwé láàbù ní kò yẹ kó tó 35. Dókítà bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé-ẹyin rí. Àfi bí mo ṣe rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kú nígbà tí mo wà ní girama. Ọyàn ni.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn kì í sábà gún irú kókó bẹ́ẹ̀, pé bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè dà sínú ikùn. Odindi ni wọ́n yọ ọ́.

Ojú egbò ti ń jinná. Òru ni kò ṣe é gbé. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ìyá mi rò pé fibroid ni, àwọn ọmọ náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n má ronú. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi tó.

Ìyá Tóbi, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Níbí, nígbà náà, tí CA-125 bá ti tó 35, sikáànù ló máa ń kàn, CA-125 tèmi sì kọjá 35 dáadáa. Mo ti kọ̀wé ohun tí wọn yóò pín fún àwọn ọmọ mi. Nígbẹ̀yìn, endometriosis ni, ìyẹn ni pé nǹkan tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló hù síta ilé ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí 212 yẹn di orúkọ àrùn lójú yín. Nǹkan oṣù lè gbé e sókè, fibroid lè gbé e sókè, oyún àti àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè gbé e sókè. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an ni tiwọn, tí tiwọn kò tó 35. Torí náà, n kò sọ pé kò sí nǹkan kan o. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàbù tí ẹran yẹn wà ló máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà yẹn.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ya aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ fún ẹkún. Bí ẹkún bá dé láàárọ̀, màá sọ fún un pé kó di aago márùn-ún. Nígbà míì ó máa ń gbọ́, nígbà míì kì í gbọ́. Bí aago márùn-ún bá lù, màá jókòó, màá sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà màá dìde lọ gbé oúnjẹ kaná. Mo tún ń gbé fóònù mi fún ọmọ mi lálẹ́, torí Google lóru kì í sọ ohun tó dáa fún èèyàn.

Àǹtí Bùkọ́lá, Ìlọrin

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́, kí n má dá kún ẹ̀rù yín. Jẹjẹrẹ ni tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo fi dúró, n kò sì sùn gidi níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí dókítà sọ ọ́, mo sunkún, mo délé, mo sùn di ìyálẹ̀ta. Ó ti ní orúkọ. Wọ́n fún mi ní chemo lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Irun mi re, ó tún hù. Ọdún kẹrin rèé.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé èsì mi ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kejìlá. Kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bèèrè. Ẹ̀yin náà, risíìtì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ gbé ẹran yẹn lọ, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ dì í mú. Kí ẹnì kan máa lọ bèèrè, kó má dúró de fóònù.

Wọ́n máa gbé àgbo wá fún yín. Wọ́n gbé e fún èmi náà, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi gbé e wá. Mo gba àdúrà wọn, mo gbé àgbo pamọ́ títí dókítà fi mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ọmọ Màmá, Èkó

Ọmọ ni èmi, n kò tíì bí ọmọ. Màmá wa fi tiwọn pamọ́ fún wa fún oṣù méjì. A mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ohun tí a rò ni pé àwọn àti bàbá wa ń jà, pé wọ́n fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀. Àbúrò mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò torí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, ara tu wá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí àwọn ìbejì bá ti dàgbà, ẹ sọ fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọlọ́run á san án fún yín. Àǹtí Bùkọ́lá, tiyín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo sọ fún àwọn ọmọ lánàá. Ọdún 19 ni wọ́n. Táíwò kò sọ̀rọ̀, ó lọ fọ gbogbo abọ́ ilé. Kẹ́hìndé ní ṣé ó ń dùn mí. Mo ní kò dùn mí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ní òun náà.

Ọkọ mi gbé risíìtì lọ sí láàbù láàárọ̀. Wọ́n ti ṣe é tán, dókítà tó máa fọwọ́ sí i ni kò sí níjòókòó. Wọ́n ní ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé la wà yìí.

Kẹ́hìndé ti gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù.