Ìyàwó mi gbè sẹ́yìn àlejò nítorí káàdì Yekini, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Àríkẹ́: Ẹ kú ilé o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, bí mo bá ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó. Oṣù tó kọjá la lọ tún òrùlé ilé màmá mi ṣe ní Òkè-Báálẹ̀. Káfíńtà yẹn gba owó páànù méjìlá, mẹ́sàn-án ló kàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lẹjọ́ mi lónìí. Òkè àjà la ti rí agolo Bournvita kan tó ti dípẹtà. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, àyà mi já. Gbogbo káàdì bọ́ọ̀lù tí mo kó jọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá! Okocha, Amokachi, Siasia, Rufai, àti Yekini fúnra rẹ̀. Mo jókòó sórí páànù, mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ka owó àjọ. Mẹ́tàdínlógójì.

Láti ọjọ́ náà lara mi ti yá. Mo tiẹ̀ ti ń ra òmíràn díẹ̀díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Kì í ṣe owó oúnjẹ o, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀.) Ọkùnrin kan wá rí àwòrán Yekini tí mo gbé sójú Facebook, ó pè mí, ó ní òun á fún mi ní 20,000 náírà. Mo ní rárá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi dìde lójú àwọn ọmọ, ó ní kí n gbé e fún un, lọ́fẹ̀ẹ́! Ọjọ́ kẹta rèé tó ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi láìsọ̀rọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọkọ? Ẹ dá sí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúpẹ́ pé ọbẹ̀ ṣì ń dé. Rédíò àtijọ́ ni baálé tèmi ń kó jọ. Mẹ́rìnlá ló wà ní pálọ̀ wa, ẹyọ kan ò sọ̀rọ̀ nínú wọn. Bí àlejò bá dé, àga ò sí.

Ọmọ Ìlú Aró: 20,000 kẹ̀? Ẹ má tà á! Wọ́n ta káàdì kan ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là. Ẹ ní sùúrù, olówó ń bọ̀.

Tísà Àgbà: Má tan ọmọlọ́mọ. Ti Mickey Mantle lò ń sọ, eléré béésìbọ́ọ̀lù, káàdì tí ilé iṣẹ́ Topps ṣe lọ́dún 1952. Mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ni wọ́n tà á lọ́dún 2022. Ilé iṣẹ́ náà ti kó ọ̀pọ̀ èyí tí wọn ò rí tà lọ dà sínú òkun, ìyẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Igun èyí tí wọ́n tà yẹn sì ṣì mú bí abẹ. Tiwa yìí, ti ilé iṣẹ́ Panini ni mo rò pé ó jẹ́. Ará Modena ní Ítálì ni wọ́n, láti 1970 ni wọ́n ti ń ṣe ìwé Ife Àgbáyé tí wọ́n ń lẹ àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sí. Ti 1994 pọ̀ nílẹ̀ bí ìwé ìpè ìyàwó. Sítíkà ló sì ń jẹ́, kì í ṣe káàdì. Bàbá Àríkẹ́, ṣé bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà, àbí ẹ ti bó o? Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀? Ṣé omi kàn án? Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, kí a rí i.

Ọmọ Òkè-Fíà: Ẹ ti rán mi létí o. Òru ọjọ́ tí a gbá Argentina, tí Yekini di nẹ́ẹ̀tì mú tó ń sunkún, bàbá mi gbé tẹlifíṣọ̀n síta fún gbogbo àdúgbò. Èmi ni mo di eriali mú, n ò rí góòlù náà rárá.

Tísà Àgbà: Bulgaria ni. 21 oṣù Kẹfà 1994, ní Dallas, 3-0. Yekini, Amokachi, Amuneke. Argentina nà wá 2-1 ni.

Ọmọ Òkè-Fíà: Tísà, mo ní èmi ni mo di eriali mú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Bàbá Àríkẹ́: Ẹ ṣeun, Tísà. Bébà ẹ̀yìn wà, wọn ò bó o. Nọ́ńbà wà. Omi ò kàn án rárá. Kódà, kí omi má baà kàn án láéláé, mo ti kó gbogbo wọn lọ sí Old Garage, wọ́n ti bá mi fi làmínéètì sí i, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì. Ó ń dán bíi dígí. Àwòrán rèé, iwájú àti ẹ̀yìn.

Tísà Àgbà: Yé! Ẹ fi kí ni sí i? Iná ni wọ́n fi ń lẹ nǹkan yẹn, ó ti mú un lára nìyẹn. Ọ̀rá pẹlẹbẹ tí èèyàn lè fà á yọ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan yìí tó máa fi 20,000 ra èyí tó wà nínú làmínéètì.

Ìyá Ìbejì: Kí ló wá dé tí ọkùnrin yẹn fi fẹ́ rà á?

Àbúrò Wọn: Ẹ fẹ àwòrán ẹ̀yìn yẹn. Bírò búlúù wà lábẹ́ nọ́ńbà: “Ti Wasiu ni o, má jí i.” Bàbá Àríkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Wasiu ni yín?

Bàbá Àríkẹ́: Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ àwòrán, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi ni Wasiu. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kó wọn wá láti London. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ sí Iléṣà, ó ní kí n bá òun tọ́jú Yekini fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n òun ń fẹ́ gbà á. Kò padà wá. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún! Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ, òkè àjà ta ló wà?

Ọmọ Ìlú Aró: Tiyín ni. Ẹni tó tọ́jú ló ni ín.

Ìyá Ìbejì: Èwo? Bí mo bá ní kí o bá mi tọ́jú ìkòkò, ó ti di tìẹ nìyẹn?

Ọmọ Ìlú Aró: Ẹ̀yin ìyàwó lẹ máa ń gbè síra yín.

Àbúrò Wọn: Ẹ dúró ná. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Àríkẹ́, ẹ dáhùn. Mo ń rí i pé ẹ wà lórí ìlà.

Bàbá Àríkẹ́: Òun ni.

Bàbá Àríkẹ́: Ẹ má tíì bú mi. Orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí Facebook ò jẹ́ kó dá mi mọ̀, èmi ni mo dá a mọ̀. Ó ní òun ní irú rẹ̀ rí. Ó bi mí pé ṣé wọ́n kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní wọn ò kọ nǹkan kan. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òun náà ló fi etí ìró nu eruku kúrò lórí orúkọ yẹn lọ́jọ́ tí a sọ agolo kalẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó tún ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ọmọ Òkè-Fíà: Háà.

Tísà Àgbà: Ẹ pè é.

Bàbá Àríkẹ́: Mo ti pè é láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ìyàwó mi fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó gbé e. N ò mọ ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti sọ ọ́. Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè bó làmínéètì yìí kúrò?

Tísà Àgbà: Kò sí.