Ṣé lóòótọ́ ni Coelophysis ń jẹ ọmọ irú rẹ̀?

EegunÀtijọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìwé kan ṣì ń sọ pé Coelophysis, dáínósọ̀ kékeré ajẹran ti Ghost Ranch ní New Mexico, máa ń jẹ ọmọ irú rẹ̀, torí wọ́n bá eegun wẹ́wẹ́ ní ikùn méjì lára wọn. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ eegun tó jẹ́ oúnjẹ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ṣèèṣì wà níbẹ̀?

Awalẹ̀: Ibi tí eegun náà sùn sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà láàárín eegun ìhà ọ̀tún àti tòsì. Ghost Ranch ṣòro, nítorí òkú gun òkú ni níbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Coelophysis gùn tó mítà 3 láti imú dé ìrù, ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ ní ihò nínú, ó sì fẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹrẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó di pẹlẹbẹ bí ewé tó wà láàárín ìwé. Ẹran kékeré tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á wá dà bíi pé inú ikùn ló wà. Colbert, onímọ̀ fọ́sìlì tó ṣáájú ìwalẹ̀ níbẹ̀ ní 1947, kà á sí oúnjẹ. Nesbitt, onímọ̀ fọ́sìlì mìíràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò ní 2006: nínú ọ̀kan, eegun ìhà àgbà kàn gun eegun ọmọ lórí ni, kò yí i ká.

ÌyáFọ́sìlì: Èkejì jẹun lóòótọ́, àmọ́ ìbátan ọ̀nì kékeré ló jẹ. Orí eegun itan ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Ti dáínósọ̀ ní gegele kékeré níwájú, nísàlẹ̀ orí náà, níbi tí iṣan ti so mọ́ ọn. Ti ìbátan ọ̀nì kò ní in. Bí ibẹ̀ bá ti fọ́, ẹ gé bíbẹ́ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ẹ lọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba inú rẹ̀ kọjá. Eegun dáínósọ̀ tó ń yára dàgbà kún fún ihò iṣan ẹ̀jẹ̀, ti ìbátan ọ̀nì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó gé e: bí ẹ bá lọ̀ ọ́ jù, ó tán nìyẹn.

Awalẹ̀: Ẹ má sì gbẹ́ gbogbo òkúta àárín eegun ìhà àti eegun wẹ́wẹ́ náà dànù. Ìpele tín-ínrín yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Eegun tó bá fẹ́ rún, ẹ fi Paraloid B-72, àlẹ̀mọ́ tó ń mú eegun le, tí ẹ pò mọ́ acetone, omi tó ń yọ́ ọ, kán an, ìdá 5 nínú 100. Bí àlẹ̀mọ́ náà bá ki jù, ojú eegun ló máa dúró sí, kò ní wọlé. Bí omi bá ṣì wà lára eegun, àlẹ̀mọ́ náà á funfun bí ìyẹ̀fun.

EegunÀtijọ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ká kúkú kọ ọ́ pé kò jẹ ọmọ irú rẹ̀ rí?

ÌyáFọ́sìlì: Rárá o. Àwọn ọ̀nì òde òní ń jẹ ọmọ irú wọn. Ẹ kọ ọ́ pé ikùn méjèèjì yẹn kò jẹ́rìí sí i.