“Ìdàpọ̀” kò gbé ohun tí oòrùn ń ṣe

Ẹ̀yin ará,

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ohun tó ń mú oòrùn gbóná, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “nuclear fusion”: jíjó, ìdàpọ̀ àti ìsopọ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Ìdọ̀kan ni mo dábàá, láti ara “di ọ̀kan”.

Ti jíjó kò le. Iná tó ń jó igi nílò ọ́síjìn, kò sì sí èyí nínú iṣẹ́ oòrùn. Ká ní èédú ló ń jó níbẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan péré ni ì bá fi tán. Oòrùn sì ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.6.

Ìdàpọ̀ ló ti wọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Ẹ da giráàmù 10 iyọ̀ sínú giráàmù 100 omi: giráàmù 110 ni ẹ ó bá lórí ìwọ̀n. Ẹ sè é títí omi á fi gbẹ, iyọ̀ yín á kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìdàpọ̀ nìyẹn. Nínú oòrùn, kìlógíráàmù kan háídírójìn máa ń di nǹkan bíi giráàmù 993 hílíọ̀mù. Giráàmù 7 tó dín ti di agbára, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Einstein ti ọdún 1905. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 4 ló ń dín báyìí lára oòrùn.

Ìsopọ̀ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń lò ó fún bí háídírójìn méjì ṣe so mọ́ ọ́síjìn kan di omi. Átọ̀mù ni ẹyọ tó kéré jù lára irú ohun bẹ́ẹ̀; kóró tó wà láàárín átọ̀mù kọ̀ọ̀kan (“nucleus”) kò yí padà níbẹ̀. Iná mànàmáná lè tú wọn ká. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àárín gbùngbùn oòrùn yàtọ̀. Ìwúwo gbogbo ohun tó wà lókè ń tẹ ibẹ̀, ooru rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 15 ní ìwọ̀n Celsius. Prótọ́ọ̀nù ni kóró háídírójìn, méjì rẹ̀ a sì máa lé ara wọn sẹ́yìn. Eré burúkú tí ooru yẹn ń mú wọn sá ló ń jẹ́ kí wọ́n lè súnmọ́ra tó. Bí wọ́n bá wá kanra, ọ̀kan nínú wọn á di nútírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀yà kóró tí kì í lé prótọ́ọ̀nù sẹ́yìn. Prótọ́ọ̀nù kẹta á wọlé, kóró náà á di hílíọ̀mù fífúyẹ́. Irú rẹ̀ méjì á tún pàdé, wọn á di hílíọ̀mù gidi, prótọ́ọ̀nù méjì á sì bọ́ sílẹ̀. Mẹ́fà wọlé, méjì padà jáde. Ohun tó yí padà di ohun mìíràn lójú ọ̀nà kò ṣeé pè ní ohun tí a so pọ̀.

Ẹnìkan ní kò tọ́ láti pe àárín átọ̀mù ní kóró, torí pé ti èso ni. Òótọ́ ni pé kóró ọsàn kọ́ ló wúwo jù lára ọsàn, nígbà tó jẹ́ pé ti átọ̀mù ló ru ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, ó kéré, ó wà láàárín, mo sì gbà á.

Fún ti kóró yuréníọ̀mù, irin wíwúwo kan, tó ń pín sí méjì (“nuclear fission”), mo dábàá ìlakóró, bí a ṣe ń la igi. Bọ́ǹbù Hiroshima ti ọdún 1945, ìlakóró ni. Bọ́ǹbù háídírójìn nílò méjèèjì: ìlakóró ló ń dá ooru tí ìdọ̀kan ń fẹ́ sílẹ̀. Bí a bá fi “agbára átọ̀mù” pe méjèèjì, a ò ní lè kọ gbólóhùn yẹn.