CV mi àtijọ́ wà gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ló fi eré tẹ orúkọ mi àti ti bàbá wa sínú Google lánàá, ni CV kan tí mo kọ nígbà tí mò ń wáṣẹ́ bá yọ, lórí ìkànnì kan tí mi ò rántí mọ́. Nọ́ńbà fóònù tí mo ṣì ń lò wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí mi, àdírẹ́sì ilé, títí dórí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún mi. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan!

Facebook mi, ọ̀rẹ́ nìkan ló lè rí i. Tí mo bá sì fẹ́ wo ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́nì kan mọ̀, Incognito ni mo máa ń lò, ojú ìwé Chrome tí kì í tọ́jú ibi tí mo lọ sórí fóònù. Kí ló tún kù? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ gbogbo ohun tó wà níta nípa òun, ṣé ó sì ṣeé kó kúrò?

Baba Tọ́lá

Mọ́rẹ̀nikẹ́, pẹ̀lẹ́. Má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Kọ́kọ́ wo ara rẹ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ṣe máa wò ọ́. Jáde nínú àkáǹtì rẹ, kí o fi orúkọ rẹ sáàárín àmì àyọlò, kí o wá a. Wá nọ́ńbà fóònù rẹ náà, pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè àti láìsí i. Wá ímeèlì rẹ. Lẹ́yìn náà, wá orúkọ ìnagijẹ tí o máa ń fi ṣí àkáǹtì. Àwọn èèyàn kì í ka ìyẹn sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń so ohun tí o kọ nígbà tí o wà nílé ìwé mọ́ orúkọ tí o ń jẹ́ níbi iṣẹ́ lónìí. Ya àwòrán ojú ìwé tí o bá rí, kí o sì da líǹkì rẹ̀ kọ, kí o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti CV yẹn, ẹni méjì lọ̀rọ̀ kàn: ẹni tó ni ìkànnì náà, àti Google tó ń júwe ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó ni ìkànnì ni kí o kọ̀wé sí ṣáájú. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ Yúróòpù ni wọ́n, sọ fún wọn pé Abala 17 nínú GDPR, òfin Yúróòpù tó ń dáàbò bo dátà èèyàn, lo dúró lé; òun ló fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà rẹ rẹ́. Láti 2018 lòfin náà ti ń ṣiṣẹ́, oṣù kan ló sì fún wọn láti dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ tí Google ṣì ń gbé e jáde, Google ní fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ tún ojú ìwé tó ti yí padà wò. Bí wọn ò bá dá ọ lóhùn rárá, láti 2022 ni Google ti ń gba ẹ̀bẹ̀ láti yọ èsì tó gbé nọ́ńbà fóònù, ímeèlì tàbí àdírẹ́sì ilé èèyàn. Àmọ́ inú èsì Google nìkan ló ti máa kúrò o. Ẹni tó bá ní líǹkì náà lọ́wọ́ á ṣì rí i.

Incognito? Ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ ni kò ní rí ibi tí o lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń tà ọ́ ní dátà ṣì ń rí i, ìkànnì tí o lọ náà sì ń rí ọ. Àwọn kan pe Google lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2020. Nígbà tí wọ́n máa yanjú ẹ̀ ní 2024, Google gbà láti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́.

Èyí tó jù lójú tèmi ni ímeèlì rẹ. Ẹni tó bá ti ráyè wọ ibẹ̀ kò nílò páásíwọ́ọ̀dù rẹ kankan mọ́. Á kàn lọ tẹ "mo ti gbàgbé" níbi tó bá wù ú, inú ímeèlì náà ni wọ́n á sì fi líǹkì tuntun ránṣẹ́ sí. Lọ sí ìkànnì Have I Been Pwned, tí Troy Hunt ará Ọsirélíà dá sílẹ̀ ní 2013. Tẹ ímeèlì rẹ síbẹ̀, á dárúkọ àwọn ibi tí dátà rẹ ti jò fún ọ. Ti Facebook nìkan tó jáde ní 2021, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 530 ló kàn, tòun ti nọ́ńbà fóònù wọn.

Àkànní

Baba, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè. Ìkànnì Have I Been Pwned yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wá kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ìyẹn kọ́ ni ká fọwọ́ ara wa gbé kọ́kọ́rọ́ fún olè?

Baba Tọ́lá

Ìbéèrè gidi. Tó bá jẹ́ ibòmíì ni, sá! Ṣùgbọ́n bí tiwọn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Orí fóònù rẹ níbẹ̀ ni wọ́n á ti fi ìṣirò kan tó ń jẹ́ SHA-1 sọ páásíwọ́ọ̀dù náà di lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Gbogbo èyí tó bá fi márùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n á kó ránṣẹ́ padà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, fóònù rẹ á wá fúnra rẹ̀ wò ó bóyá tìrẹ wà láàárín wọn. Àwọn ò mọ èyí tí ò ń wá. Bí ara rẹ ò bá gbà á síbẹ̀, má tẹ ohunkóhun. Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, irú Bitwarden àti 1Password, lè bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà kan náà.

Ìyá Ṣadé

Ẹ jẹ́ n fi ti fọ́tò kún un. Tí kámẹ́rà fóònù yín bá láyè láti mọ ibi tí ẹ wà, ó máa ń kọ ibẹ̀ sínú fọ́tò. Nígbà tí ọlọ́pàá Belize ń wá John McAfee, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ McAfee tó ń ṣe ohun tó ń pa fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ní 2012, ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, ibi tó sá pamọ́ sí ní Guatemala sì wà nínú fáìlì náà ketekete. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò tẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, odindi ló ń lọ. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì kámẹ́rà, ẹ pa location. Ọmọ mi obìnrin ló fi hàn mí, mo sì ti fi yọ gbogbo ẹbí lẹ́nu.

Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Baba. Ẹ ṣeun, Ìyá Ṣadé. Mo ti yẹ ímeèlì mi wò. Ó ti jò láti ibi eré kan tí mo gbà sórí fóònù láyé àtijọ́, mo sì ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ti kóòdù tí wọ́n máa ń béèrè lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà mi? Èyí tó wà lórí CV yẹn náà ni.

Baba Tọ́lá

Má lo nọ́ńbà yẹn tí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ẹnì kan lè lọ parọ́ fún ilé iṣẹ́ síìmù pé òun ni ìwọ, kó gba síìmù tuntun tó gbé nọ́ńbà rẹ. Irú ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì tó wà lórí CV ni wọ́n sì máa ń fi dáhùn tí wọ́n bá bi wọ́n ní ìbéèrè. Áàpù tó ń mú kóòdù jáde lórí fóònù fúnra rẹ̀ ni kí o lò, bíi Google Authenticator tàbí Aegis, kí o sì kọ àwọn kóòdù ìgbàpadà, èyí tí wàá fi wọlé bí fóònù bá sọnù, sínú ìwé. Níbi tó bá jẹ́ SMS nìkan ni wọ́n ní, gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju òfo lọ.

Kí o sì pe àwọn onídùúró rẹ méjèèjì lónìí. Sọ fún wọn pé nọ́ńbà wọn wà níta, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n pé ìwọ lo rán òun, kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n pè ọ́ fúnra wọn.